Ẹṣin Òlíḿpíìkì Kò Dé Beijing

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ wo àwọn ẹṣin náà, ìjì ló dá mi padà. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ìjì tí wọ́n sọ ní Kammuri ti gba orí òkun wọ Hong Kong, ìjọba sì ti gbé àmì kẹjọ sókè. Bí àmì kẹjọ bá ti gòkè níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù á tìlẹ̀kùn, ọkọ̀ ojú omi á so mọ́lẹ̀, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ á jọ máa wo òjò. Èmi náà ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá kan tí kò fẹ̀ ju pósí lọ ní Chungking Mansions, ilé alájà 17 tó wà ní títì Nathan, níbi táwọn oníṣòwò wa ti ń ra fóònù ránṣẹ́ sí Èkó. Òjò náà kò rọ̀ wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà rọ̀. Páálí, ọ̀rá àti agboòrùn tó ti kán ń fò kọjá nísàlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn kọ́rì, ó ń rùn sìgá, ó ń rùn aṣọ tí kò gbẹ.

"Àbúrò, ṣé ẹṣin lo tìtorí ẹ̀ wọ bàálù láti Èkó?" Bọ̀dá ará Ìjẹ̀bú tí mo dé sí lọ́dọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó ń fi téèpù di páálí, ó ń fi eyín já téèpù ọ̀hún.

"Ẹṣin ni, Bọ̀dá mi."

"Kò sí ẹṣin ní Sókótó mọ́ ni? Òlíḿpíìkì yìí ńkọ́, ṣebí Beijing ni wọ́n ní ó wà. Kí làwọn ẹṣin ń wá níbí?"

Mo ní ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn.

Láti Hong Kong dé Beijing, ó tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Nínú oṣù Keje ọdún 2005 ni Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí ìdíje ẹṣin kúrò ní Beijing. Kì í ṣe pé Beijing kò ní ilẹ̀ tàbí owó. Àbọ̀ ìrìn àjò ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹṣin tó bá ti Jámánì wá gbọ́dọ̀ padà sí Jámánì. Bó bá dé ẹnubodè ilé rẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á béèrè ibi tó sùn, ẹran tó wà nítòsí rẹ̀, àti àìsàn tó wà ní ìlú ọ̀hún. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, onítọ̀hún di àlejò láyé. Nígbà náà, kò sí agbègbè kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ńlá táwọn ará Yúróòpù gbà pé ẹṣin lè dé kó sì padà wálé láìsí ìfòyà. Hong Kong, ní tirẹ̀, ní ìwé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Hong Kong Jockey Club ti wà láti ọdún 1884. Wọn kì í sin ẹṣin ìje níbẹ̀ kó bímọ; òkèèrè ni wọ́n ti ń kó gbogbo wọn wá, oníkálukú pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí náà ló ná owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là Hong Kong láti fi kọ́ pápá àti ilé ẹṣin tí wọ́n fẹ́ lò.

Ìjì lọ tán. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sha Tin.

Inú ọkọ̀ tutù bí inú fíríìjì alápatà. Bí ilẹ̀kùn ti ṣí, ooru gbá mi lójú bí ẹni pé mo ṣí ìdérí ìkòkò àmàlà. Mo ti rò pé ọmọ Ìbàdàn kò lè bẹ̀rù oòrùn ibì kankan, àmọ́ ooru ilé wa, bí èèyàn bá ti sá sábẹ́ igi, ó bọ́. Ti Hong Kong ń tẹ̀ lé èèyàn wọ abẹ́ igi. Kí n tó rin ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣẹ́ẹ̀tì mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Òkè tó kún fún igbó yí Sha Tin ká, ilé gogoro dúró níwájú òkè, odò Shing Mun ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìje. Kòkòrò kan tí n kò rí ń ké lórí igi, igbe rẹ̀ dà bí ayùn tó ń gé irin, kò sì sinmi.

Wọ́n kó àwa oníròyìn jọ sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ fún oníkálukú wa ní ìwé kan. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ṣé o ti wọ ibi tí ẹran wà láìpẹ́ yìí? Mo ronú. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ti dé Kara, ọjà màlúù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo bá ẹnì kan lọ ra àgbò ìnáwó. Bàtà tí mo wọ lọ náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo kọ òtítọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà wo ìwé, ó wo bàtà, ó tún wojú mi. Kò bínú. Ó nawọ́ sí ibì kan, ni mo bá bọ́ bàtà, wọ́n kó o sínú ọ̀rá, wọ́n so ọ̀rá pa, wọ́n fún mi ní bàtà rọ́bà tó fi ìka méjì tóbi jù mí lọ. Bí mo ṣe ń rìn ló ń pariwo, fàà, fàà. Gbogbo wa tẹ kànìnkànìn tí wọ́n fi oògùn rin. Òórùn rẹ̀ dà bí Ìsáàlì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé wa láyé ọjọ́un.

Wọn kò jẹ́ ká kọjá fẹ́ǹsì kejì. Láti ibẹ̀ la ti ń wò.

Ọkọ̀ akẹ́ṣin kan wọlé wá láti pápákọ̀ òfuurufú, funfun, gbogbo fèrèsé rẹ̀ ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan fọ́n omi oògùn sí táyà rẹ̀ yípo. Wọ́n sọ pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹṣin tó yọ jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó wọ bùbá sí ara, wọ́n fi aṣọ nínípọn di gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dúró lórí pẹpẹ, ó fẹ imú, ó gbé etí méjèèjì síwájú, ó sì yán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹṣin kan dáhùn láti inú ilé lọ́hùn-ún. Ìgbà yẹn ló tó gbà láti sọ̀.

Dókítà ẹranko kan dúró dè é pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ìwé náà kì í ṣe bẹbẹ. Àjọ tó ń ṣàkóso eré ẹṣin lágbàáyé, FEI, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1921 tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lausanne, ló ń bójú tó o. Àwòrán ẹṣin wà nínú rẹ̀ láti ọ̀tún, láti òsì, láti iwájú, tí wọ́n fi bírò ya gbogbo àmì funfun ara rẹ̀ àti gbogbo ibi tí irun rẹ̀ ti yí po. Wọ́n kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, wọ́n lu òǹtẹ̀. Dókítà náà ka ìwé, ó wo ẹsẹ̀, ó ka ìwé, ó wo iwájú orí. Mo rántí bí wọ́n ṣe yẹ páàsípọ́ọ̀tù tèmi wò nígbà tí mo dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti ẹṣin yìí yá jù.

Kó tó wọ bàálù, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ nílé. Ní Hong Kong, wọ́n tún yà á sọ́tọ̀. Ó lè sáré, ó lè fò, ó lè ṣe ìdánrawò, àmọ́ kò gbọdọ̀ bá ẹṣin ìje tó ń gbé ní Sha Tin pàdé. Ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò ṣáá.

Àwọn ará ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó di oníṣọ́ra. Lọ́dún 1992, àìsàn ọ̀fìnkìn tí ẹṣin ń kó ran ara wọn wọ ilé ẹṣin Hong Kong, wọ́n sì fagi lé ìje. Kò tíì ju ọdún kan lọ sí ìgbà tí mò ń wí yìí tí àìsàn náà kan náà já gba Ọsirélíà. Oṣù Kẹjọ ọdún 2007 ni. Ọsirélíà kò ní in rí. Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ gan-an ló gbà jáde, ìyẹn Eastern Creek ní Sydney, níbi tí wọ́n kó àwọn akọ ẹṣin tó ti òkèèrè dé sí. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin àdúgbò. Ìje ìgbà ìrúwé Sydney tọ́jọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kò wáyé mọ́.

Ọsirélíà yìí kan náà ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òfin tẹ Òlíḿpíìkì mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1956, Melbourne ló gba àlejò ayé. Òfin wọn ní ẹṣin àjèjì gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́fà ní ìyàsọ́tọ̀. Wọn kò yí i padà. Ni wọ́n bá kó ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin orílẹ̀-èdè 29 lọ sí Stockholm nínú oṣù Kẹfà, wọ́n ṣe ìdíje tiwọn ní pápá tí wọ́n ti kọ́ fún Òlíḿpíìkì ọdún 1912, oṣù márùn-ún kí àwọn eléré ìdárayá yòókù tó pàdé ní Melbourne. Ìpín ẹṣin ni pé kó máa ṣe Òlíḿpíìkì lẹ́yìn odi.

Mo bi dókítà náà ní ohun tó wà lọ́kàn mi. Bí ẹṣin kan bá ti ọ̀dọ̀ wa wá ńkọ́, láti Nàìjíríà?

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Kò ní dé ibi fẹ́ǹsì yìí."

Kantíkantí ló fà á. Kòkòrò kékeré tó ń jẹ wá ní ìrọ̀lẹ́ létí omi, òun ló ń gbé àìsàn tí wọ́n ń pè ní àìsàn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà kiri. Bó bá wọ àárín ẹṣin tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó lè pa bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, tí a ń pè ní sẹ́bírà, lè gbé e sára kó má ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Bó ṣe wọ Sípéènì lọ́dún 1987 nìyẹn, nínú ara sẹ́bírà tí wọ́n rà láti Nàmíbíà fún ọgbà ẹranko. Ọdún 1990 ni wọ́n tó rí ẹ̀yìn rẹ̀, ọdún méjì péré sí Òlíḿpíìkì Barcelona.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìdílé Yorùbá. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ tí ìtàn ń kì, ẹṣin tí wọ́n rà láti òkè ọya ni wọ́n ń gùn, nítorí pé bí ẹṣin bá ti wọ igbó kìjikìji, eṣinṣin tsetse á jẹ ẹ́, á sì kú. Kò sí ẹni tó kọ òfin ìyàsọ́tọ̀ nígbà náà. Igbó fúnra rẹ̀ ni ẹnubodè.

Obìnrin òyìnbó kan tó ń tọ́jú ẹṣin wá sí etí fẹ́ǹsì láti mu sìgá. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n bí ata. Mo béèrè bí ẹṣin rẹ̀ ṣe ń fara da ooru. Ó ní ilé ẹṣin wà ní ìwọ̀n 23 tọ̀sán tòru, ẹ̀rọ amúlétutù kò kú rí. "Ó ń sùn jù mí lọ," ló wí. Mo rántí fáànù Bọ̀dá, tó ń yí bí arúgbó tó ń mi orí.

Ní ọjọ́ 11, ọjọ́ Ajé, mo jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa sáré nínú oko nìyẹn, apá kejì nínú ìdíje onípele mẹ́ta. Beas River ni, nítòsí Sheung Shui, lápá àríwá. Ọkọ̀ ojú irin tó lọ síbẹ̀ kún fún àwọn tó ń fa báàgì onítáyà: ìyá oníṣòwò, ọmọ iléèwé, ọkùnrin tó gbé páálí mílíìkì ọmọdé méjì léra. Ibi tí wọ́n ń lọ ni Lo Wu, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé Sheung Shui. Bí wọ́n bá sọ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi ìwé hàn, wọ́n á rìn kọjá afárá, wọ́n ti dé Shenzhen nìyẹn. Ọ̀sán ni púpọ̀ nínú wọn á ti padà. Èmi sọ̀ ní Sheung Shui. Àwọn ẹṣin tí mo fẹ́ lọ wò yóò sáré lójú ibi tí òkè Ṣáínà ti ń hàn, ibẹ̀ sì ni tiwọn pin sí.

Pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà. Koríko tutù, ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́yìn òjò. Orí ṣe àwọn elétò re: ìkùukùu bo oòrùn, òjò winniwinni ń bọ́. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ wúwo bíi kúbùsù tó rin. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì mí wo òógùn ojú mi, ó yọ abẹ̀bẹ̀ bébà kan nínú báàgì rẹ̀, ó tì í sí mi lọ́wọ́. Èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun kò gbọ́ tèmi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́jọ lù. Ẹṣin àkọ́kọ́ jáde.

Kí ojú tó rí i, ẹsẹ̀ ti gbọ́ ọ: ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà, gìrì, gìrì, gìrì, lẹ́yìn náà ni èémí dé, fùú, fùú, fùú, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ni gàárì tó ń dún àti ohùn ẹlẹ́ṣin tó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí gbogbo rẹ̀ tó kọjá níwájú wa pẹ̀lú òórùn òógùn àti awọ, tí ògúlùtu ilẹ̀ sì ń fò tẹ̀ lé e. Ó fo igi gbọọrọ kan, ó wọ omi, omi fọ́n ká, ó jáde, ó lọ. Ìyá arúgbó náà kò tíì mí. Wọ́n ti gé ọ̀nà náà kúrú nítorí ooru. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n dá fún un.

Mo sáré lọ sí ibi tí wọ́n ń parí rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin kò tíì dúró dáadáa tí èèyàn mẹ́fà ti bo ẹṣin. Ẹnì kan tú gàárì, ẹnì kan di ìjánu mú, ẹnì kan gbé ìrù sókè láti ti ohun tí wọ́n fi ń mọ ooru ara bọ̀ ọ́ nídìí. Àwọn yòókù ń bu omi yìnyín láti inú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń dà á sí i lọ́rùn, lẹ́yìn, láàárín itan, wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ fá a dànù, wọ́n tún ń dà á. Wọ́n mú un wọ abẹ́ àgọ́ tí fáànù ńláńlá ti ń fọ́n ìrì. Ooru gòkè lára rẹ̀ bí èéfín. Imú rẹ̀ pọ́n nínú, ó là gbàgà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí yóò jẹ nínú àpò ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ tútù, wọ́n gbé e padà sí Sha Tin.

Ẹlẹ́ṣin rẹ̀ jókòó sórí koríko, òun nìkan. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ẹnì kan tó fún un ní omi.

Ọjọ́ 12 ni Hinrich Romeike, dókítà eléyín láti Jámánì, gba góòlù ìdíje onípele mẹ́ta náà lórí Marius, ẹṣin funfun.

Ijó ẹṣin ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ alẹ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ijó ni mo pè é. Kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹṣin tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè sí ìlù. Alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, nítorí oòrùn. Ariwo kò gbọdọ̀ sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 19, nígbà tí Anky van Grunsven ará Họ́láńdì fẹ́ wọlé pẹ̀lú Salinero, pápá dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ abẹ̀bẹ̀. Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Bọ̀dá ló tẹ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ránṣẹ́: Nàìjíríà 4, Bẹ́ljíọ̀mù 1, ní Shanghai, a ti wọ àṣekágbá. Mo bo ẹnu mi mọ́lẹ̀. Salinero kọjá níwájú mi, ó ń jó, èmi náà ń jó nínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21, àárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá fífò. Wọ́n kó wa jọ sí yàrá oníròyìn. Wọ́n ti dá ẹṣin mẹ́rin dúró: Camiro ti Nọ́wè, Coster ti Jámánì, Lantinus ti Áyálándì, Chupa Chup ti Bràsíl. Àyẹ̀wò ti rí ohun kan lára wọn tí òfin kò gbà. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀: capsaicin. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, ẹnì kan ń béèrè lẹ́tà tó tẹ̀ lé p.

Mo yí sí oníròyìn Fáransé tó jókòó tì mí. Kí ni capsaicin?

Ó ní, "Ohun tó ń ta nínú ata."

Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Ata ni.

Wọ́n ṣàlàyé. Bí wọ́n bá fi í pa ẹsẹ̀ ẹṣin, ó lè mú ìrora kúrò. Ó sì tún lè mú kí awọ ẹsẹ̀ máa ta, débi pé bí ẹsẹ̀ bá kan igi, ẹṣin á gbé e sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ìdí méjèèjì, wọ́n kà á léèwọ̀. Mo wo bàtà mi tí wọ́n ti kó sínú ọ̀rá lọ́jọ́ kìíní nítorí Kara. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, idẹ tí Nọ́wè gbà pẹ̀lú Camiro kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Switzerland.

Alẹ́ ọjọ́ náà, pápá tó gba èèyàn 18,000 kún. Iná mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Yanrìn funfun, igi aláràbarà, òkè dúdú lẹ́yìn. Bí pátákò bá kan igi, èèyàn á gbọ́ ọ, kó! Bí igi bá wó, gbogbo pápá á mí kanlẹ̀. Ó kù Eric Lamaze ará Kánádà lórí Hickstead, akọ ẹṣin kékeré kan tó ń jà lábẹ́ ìjánu, àti Rolf-Göran Bengtsson ará Súwídìn lórí Ninja. Igi kan wó fún Bengtsson. Kò sí èyí tó wó fún Lamaze.

Ní ọjọ́ kejì, ìjì mìíràn dé. Nuri ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé àmì kẹsàn-án sókè, títì Nathan dá páropáro. Ní Sha Tin, àwọn ẹṣin wà nínú ìwọ̀n 23 wọn, wọ́n ń dúró de ìwé àti bàálù tí yóò gbé wọn padà sílé. Bọ̀dá ń di páálí. Bàtà mi wà lójú fèrèsé, ó ṣì ń rùn Ìsáàlì.

"Àbúrò, ó ku ọ̀la. Ajẹntínà ni."

"Ọlọ́run á ṣe é, Bọ̀dá mi."

Ó já téèpù. "Àwọn ẹṣin tí wọ́n mú ńkọ́? Òótọ́ ni pé ata ni wọ́n bá lára wọn?"

"Ata ni."

Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ata wo? Rodo àbí ṣọ̀ǹbọ̀?"

Mo ní wọn kò sọ.